Ilẹ̀ Tó Fẹ̀ Lẹ́yìn Ju Iwájú Lọ: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Dáadáa Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Lọ́dún tó kọjá, Màmá mi fẹ́ ra ilẹ̀ kan nítòsí Ìbàdàn. Iwájú rẹ̀ létí títì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 32, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 88, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ 100, 100. Ọmọ onílẹ̀ tó ń tà á ká téèpù rẹ̀, ó ní: "Màmá, ẹ ro 32 pọ̀ mọ́ 88, ẹ pín in sí méjì, 60 nìyẹn. 60 lọ́nà 100, 6,000 gééré! Mílíọ̀nù 6 náírà péré."

Màmá ti ń mi orí. Èmi tí mò ń ka físíìsì ní Másítàsì ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù."

Irú ilẹ̀ yìí la ń pè ní trapísíọ̀mù níléèwé. Ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Méjì nínú wọn, iwájú àti ẹ̀yìn, ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn ò sì ní pàdé láé. Méjì tó kù lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: 60 yẹn tọ̀nà, 100 ni kò tọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ tó fì gùn ju ìjìnnà tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn lọ.

Báwo la ṣe máa mọ ìjìnnà tààrà yẹn? Ẹ yọ 32 kúrò nínú 88, ó ku 56. Torí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, ẹ̀yìn fi 28 yọ ju iwájú lọ lápá kọ̀ọ̀kan. Òfin Pythagoras wọlé: 100 lọ́nà 100 jẹ́ 10,000, 28 lọ́nà 28 jẹ́ 784. Ẹ yọ ọ́, ó ku 9,216, èyí tí í ṣe 96 lọ́nà 96. Nítorí náà, 60 lọ́nà 96: ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 5,760.

Kí ló dé tá a fi ń pín in sí méjì? Ẹ gé páálí méjì tó rí bí ilẹ̀ yẹn. Ẹ dorí ọ̀kan kodò, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ èkejì. Gbogbo rẹ̀ á fẹ̀ tó 120 lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ gé ṣónṣó ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òdìkejì, ó di 120 lọ́nà 96. Ilẹ̀ yín jẹ́ ìdajì rẹ̀.

Àṣìṣe ẹ̀gbọ́n yẹn ti pẹ́ láyé. Ní tẹ́ńpìlì Edfu ní Íjíbítì, ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn, irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi wọn oko tí wọ́n fín sára ògiri. Àfi tí gbogbo igun bá jẹ́ dígírì 90, ó máa ń fi kún ilẹ̀ ni.

240 tó dín yẹn tó yàrá méjì tó jẹ́ 10 lọ́nà 12! Lówó, ₦240,000 ni.

Ẹ̀gbọ́n ò kọ́kọ́ gbà. Mo ní kó na téèpù láti àárín iwájú lọ tààrà sí àárín ẹ̀yìn. 96 ló bá níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ₦200,000 kúrò, Màmá sì sanwó.

Tí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ bá fì, ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì pe awọnlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.