Kí Èèrà Tó Dé Ìdí Ìtọ̀

Àtọ̀gbẹ ni àwọn àgbà ń pè é, àwa tòde òní sọ ọ́ di ìtọ̀ ṣúgà, ìtọ̀ sì ni orúkọ méjèèjì tọ́ka sí. Ohun tí èyí gbìn sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí èèrà kò bá tíì ṣùrù bo ibi tí àwọn tọ̀ sí, ara àwọn le. Èrò yẹn ń ṣekú pani. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Iyán tí a jẹ, búrẹ́dì tí a jẹ, ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù ń tú jáde, ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà kó lè wọ inú ẹran ara, kó sì di agbára. Bí ínsúlínì bá tán, tàbí tí ara bá ń ṣoríkunkun sí i, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì máa pa ẹran ara.

Kíndìnrín kì í fẹ́ kí ṣúgà ṣòfò. Bó ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dá ṣúgà padà, àfi ìgbà tó bá kọjá nǹkan bíi mílígíráàmù 180 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni agbára rẹ̀ kì í gbé e mọ́, tí ṣúgà á wá bá ìtọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀ bá ti wọ 126, tí àyẹ̀wò kejì sì gbè é lẹ́yìn, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 150 ti ń ṣàìsàn, síbẹ̀ ìtọ̀ àárọ̀ rẹ̀ lè máà ní ṣúgà kankan. Láàárín àkókò yẹn, ṣúgà kò jókòó lásán: ó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jẹ́ lẹ́yìn ẹyinjú àti nínú kíndìnrín, ó sì ń pa iṣan tó ń gbé ìrora láti ẹsẹ̀ wá sí ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láìmọ̀, títí ojú egbò á fi rà. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1998, fi hàn pé àwọn tí wọ́n tètè kó ṣúgà wọn níjàánu bọ́ lọ́wọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú ìbàjẹ́ ojú àti kíndìnrín yìí.

Ẹlòmíràn á ní òun kì í mu mínírà, òun kì í fi ṣúgà sí ẹ̀kọ. Kí ni òun ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún? Gàrí àti ìrẹsì kò dùn lẹ́nu bí ṣúgà, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ sì ní àtọ̀gbẹ tún nídìí púpọ̀ sí i láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àríyànjiyàn tó lágbára jù ni ti ẹni tó mu àgbo, tí èèrà kò sì wá mọ́. N kò bú ewé o: métífọ́mìn tí àwọn dókítà ń kọ fún aláìsàn lónìí tan mọ́ ewéko kan tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí èèrà lè jẹ́rìí sí kò ju pé ṣúgà ti wálẹ̀ ju 180 lọ. Ó lè wà ní 170, kó máa jẹ ojú lọ ní ìdákẹ́jẹ́, nígbà tí ẹni náà ti kó oògùn rẹ̀ dànù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń sọ bí ṣúgà ti ń ṣe láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá ti tó 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àtọ̀gbẹ ni, kò sì di dandan kí ènìyàn gbààwẹ̀ kó tó lọ ṣe é.