Ìdọ́gba Ẹrù Iná nínú Wáyà Ńlá Abẹ́ Ilẹ̀ ní Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fi wáyà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò ẹyọ wáyà kìǹbà kan láti gbé iná láti ìdí tiransifọ́mà dé ojú súìṣì àgbà ilé. Wọn yóò so wọ́n pọ̀ ní orí àti ní ìdí, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Nígbà tí wáyà náà bá jẹ́ ti onílé, ìwé òfin tí ó darí iṣẹ́ yìí ni National Electrical Code, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1897.

Ilé tí súìṣì àgbà rẹ̀ jẹ́ 400 ámpíà lè lo wáyà bàbà 600 kcmil kan fún ẹsẹ̀ iná kọ̀ọ̀kan. Kcmil ni ìwọ̀n tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń mọ bí ojú wáyà ti tóbi tó. Ṣùgbọ́n wáyà 3/0 méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 200 ámpíà, yóò ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú bàbà tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 336 kcmil. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ní ara púpọ̀ tí ooru lè gbà jáde ju kìǹbà kan lọ. Wọ́n sì rọrùn láti tẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni ìpín ẹrù. Iná kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba kìkì nítorí pé wáyà jẹ́ méjì. Bí ìdènà ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bá ti rí ni ó ń pín. Bí ọ̀nà méjì bá lọ sí ọjà kan náà, èyí tí ó yá ni èrò ń pọ̀ sí. Ìdí nìyí tí òfin fi pa á láṣẹ pé gbogbo wáyà tí ó jọ gbé ẹsẹ̀ iná kan gbọ́dọ̀ gùn bákan náà, kí wọ́n jẹ́ irin kan náà, kí wọ́n nípọn bákan náà, kí ìbora wọn àti ọ̀nà tí wọ́n gbà dè wọ́n má sì yàtọ̀. Bí ọ̀kan nínú 3/0 méjì bá jẹ́ 100 ẹsẹ̀ bàtà, tí èkejì jẹ́ 120, nígbà tí ilé bá ń fa 400 ámpíà, èyí tí ó kúrú yóò gbé nǹkan bí 218, èkejì yóò gbé 182. Bí iná bá sì di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, 218 yẹn, tí ó dàbí ẹni pé kò jìnnà sí 200, ń mú ooru tí ó fi nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 ju ti 200 lọ.

Súìṣì àgbà kò lè mọ̀. Àpapọ̀ ni ó ń kà, àpapọ̀ sì jẹ́ 400. Èyí tí ó burú jù ni ti ìdè tí ó tú: wáyà kejì nìkan ni yóò máa gbé gbogbo 400, síbẹ̀ iná ilé kò ní kú. Fíúsì tí ó wà níwájú tiransifọ́mà, tiransifọ́mà ni ó ń ṣọ́ ní pàtàkì, kì í ṣe wáyà onílé. Abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo èyí yóò sì ti máa ṣẹlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, tí imú kò sì lè gbóòórùn rọ́bà tí ń jó.

Ọ̀rọ̀ páìpù náà ṣe kókó. Wáyà oníná méjì àti nútírà kan ni ó yẹ kí ó jọ wà nínú páìpù kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ya ẹsẹ̀ iná kan sọ́tọ̀ sínú páìpù irin, agbára òòfà tí ó yí i ká kò ní rí èyí tí yóò pa á rẹ́, yóò sì mú irin náà gbóná. Òfin gba ìyàsọ́tọ̀ yìí láyè nínú páìpù oníke lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà tún ń dúró de oníṣẹ́ lójú ihò àpótí irin tí wáyà ń gbà wọlé.

Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ìdọ́gba wá, kì í ṣe inú kòtò. Níbi tí kòtò bá ti ṣẹ́ igun, páìpù tí ó wà lẹ́yìn igun máa ń gùn ju ti inú lọ. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ yóò fi ọ̀nà tí ó gùn jù wọn gbogbo wáyà, yóò tẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò sì gé wọn bákan náà. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú ti ọ̀nà kúkúrú, yóò ká a sínú àpótí dípò kí ó gé e dànù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkákù yìí kò dùn ún wò. Ìtẹ̀sí páìpù láàárín ojú ìfà méjì kò gbọdọ̀ ju 360 dígírì lọ lápapọ̀, kí ìbora wáyà má baà bó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, páìpù oníke gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó 18 íǹṣì, wáyà tí wọ́n rì láìsí páìpù 24. Ọ̀já ìkìlọ̀ yóò sì wà ní 12 íǹṣì, ó kéré tán, lókè rẹ̀, kí ọkọ́ ẹni tí yóò tún gbẹ́ ibẹ̀ lè kọ́kọ́ bá a pàdé.