Ìtọ́jú tọ́ọ̀ṣì ìmòòkùn

Tọ́ọ̀ṣì ìmòòkùn ni tọ́ọ̀ṣì tí a dé pinpin kí omi má baà wọ inú rẹ̀, tí àwọn òmòòkùn fi ń ríran ní òru, nínú ihò àpáta abẹ́ omi àti nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó ti rì. Ìtọ́jú rẹ̀ láàárín ìmòòkùn kan sí òmíràn pín sí ọ̀nà mẹ́ta: fífọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, yíyẹ òrùka rọ́bà rẹ̀ wò, àti pípa bátìrì rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì tí ó kú sínú omi ni àbùkù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì

Nínú àwọn ihò àpáta abẹ́ omi ní àríwá Florida ní Amẹ́ríkà àti ní Yucatán ní Mẹ́ksíkò, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í kọjá ẹnu ihò lọ jìnnà. Òmòòkùn tí iná rẹ̀ bá kú níbẹ̀ kò lè gba òkè jáde tààrà, nítorí pé àpáta ni ó bo orí rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni yóò tún wá padà. Nítorí èyí ni ìlànà àwọn tí ń mòòkùn nínú ihò fi sọ pé kí olúkúlùkù mú iná mẹ́ta dání, ó kéré tán: ẹyọ kan fún iṣẹ́, méjì fún ìgbà ìṣòro. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí a jọ pa tì sínú àpò kan náà lè bàjẹ́ pọ̀.

Fífọ̀ àti gbígbẹ

Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Bí omi náà bá gbẹ, iyọ̀ yóò ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí hóró líle, yóò há sí ẹ̀gbẹ́ ìdérí, yóò sì mú kí irin pẹtà. Nítorí náà, a kì í jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì gbẹ kí a tó fọ̀ ọ́. A ó rì í sínú omi tí kò níyọ̀, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ ní títì, kí iyọ̀ lè yọ́. Lẹ́yìn náà, a ó nù ún, a ó sì fi í síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ ibòji, kí ó lè gbẹ kí a tó ṣí i.

Òrùka rọ́bà

Òrùka rọ́bà tí ó wà láàárín ìdérí àti ara tọ́ọ̀ṣì ni ó ń dènà omi. Bí a ti ń lọ sísàlẹ̀ ni agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan ń pọ̀ sí i: ní mítà 30, ó tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ó jẹ́ lójú omi. Irun kan tàbí hóró iyanrìn kan lábẹ́ òrùka náà ti tó láti ṣí ọ̀nà fún omi.

Ìka ọwọ́ tàbí ike ni a fi ń yọ òrùka náà, kì í ṣe ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́. A ó fi aṣọ tí kì í já òwú nù ún. Bí ó bá ti sán tàbí tí ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, tuntun ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. A ó wá fi gírísì sílíkónì pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó kàn máa dán. Gírísì kì í dí ibi tí ń jò, èyí tí ó bá sì pọ̀ jù yóò máa kó iyanrìn jọ. Fasilín kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí pé epo inú rẹ̀ máa ń ba irúfẹ́ rọ́bà kan jẹ́. Bí òrùka náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ sílíkónì, gírísì sílíkónì lè mú un wú. Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe tọ́ọ̀ṣì ni a ó tẹ̀lé.

Bátìrì

A kì í fi bátìrì sílẹ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì tí a kò ní lò fún ìgbà pípẹ́. Bátìrì alkaline lè jò, kí oje rẹ̀ sì jẹ irin inú tọ́ọ̀ṣì. Bátìrì lithium-ion máa ń pẹ́ láyé bí a bá tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, pẹ̀lú iná tí ó tó nǹkan bí ìdajì nínú rẹ̀. Bátìrì òjé yàtọ̀: kíkún ni a ń tọ́jú tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfurufú, bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù ọwọ́.

Bí omi òkun bá kan bátìrì, ó lè mú kí háídrójìn jáde, kí ó sì há sínú tọ́ọ̀ṣì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń tú irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ má kọjú sí ẹnikẹ́ni, jìnnà sí iná.

Yíyẹ̀wò ṣáájú ìmòòkùn

Kí a tó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ, a ó tàn án wò, a ó sì rì í sínú korobá omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ń hó jáde, omi náà lè wọlé. Tọ́ọ̀ṣì alágbára tí omi ni ó ń mú un tutù kò yẹ kí ó tàn pẹ́ lórí ilẹ̀, nítorí pé ooru rẹ̀ lè bà á jẹ́. Èyí tí a bá ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, ilé ni a ń fi í sílẹ̀ sí.