Bidet Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi: Ta Ni Yóò Máa Ti Omi?

Bí ẹ bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé tuntun kan ní Jabi, ní Utako tàbí ní Wuye nílùú Àbújá, ẹ ó rí ọwọ́ kékeré kan tó rọ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, pẹ̀lú hóòsì dídán. Bidet tiwa nìyẹn. Kì í ṣe èyí tí àwọn ará Faransé dá sílẹ̀ ní bí 300 ọdún sẹ́yìn, àwo àjókòólé tó ń dá dúró, tí òfin Ítálì ti ọdún 1975 sọ di dandan fún ilé gbígbé. Kì í sì í ṣe ìjókòó oníná tí ilé iṣẹ́ TOTO ti Japan gbé jáde ní 1980. Tiwa kò ju ọwọ́, hóòsì àti fáàfù lọ. Ipò búta ló gbà, ìyẹn kẹ́tùlù oníke àlùwàlá, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó ti tọ́ ọ wò náà kò sì fẹ́ padà sídìí bébà mọ́.

Alhájì kan ládùúgbò wa, tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ oníyàrá gbé àlejò lórí adágún Jabi, ló bi mí pé ṣé púlọ́ńbà tó ṣe ilé òun kò lè bá òun so bidet sínú ọkọ̀ náà ni. Mo ní, “Alhájì, á so ó, kò sì ní pẹ́ níbẹ̀.” Ohun tí púlọ́ńbà ilé kì í sábà rò ni ẹni tí yóò máa ti omi náà, àti ibi tí omi yóò gbà nígbà tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Nílé, gíga ló ń ti omi. Táńkì GeePee wà lókè lórí òpó irin, omi inú rẹ̀ wúwo, ìwúwo yẹn ló sì ń tì í gba inú páìpù wálé. Gíga mítà 10 ló ń mú ipá bar 1 wá. Táńkì tó bá fi mítà 5 ga ju bidet lọ kò lè fún un ju ìdajì bar lọ, ìdí sì nìyẹn tí bidet yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi ń kán tó-tó-tó nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń tú yàà.

Ọkọ̀ ojú omi kò gba òpó. Ẹni tó bá gbé lítà 200 omi sórí òrùlé ọkọ̀ ti gbé kílò 200 sókè, ọkọ̀ tó bá sì wúwo lórí ju ìdí lọ, ìjì díẹ̀ ló kù fún un. Nítorí náà, abẹ́ pákó ìtẹ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi táńkì omi mímọ́ sí, pọ́ńpù kékeré tó ń lo bátìrì fólítì 12 ló sì ń ti omi inú rẹ̀.

Kí n sòótọ́, pọ́ńpù yìí dùn mọ́ mi ju bidet fúnra rẹ̀ lọ. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí mọ́tò ń fà sẹ́yìn, tó tún ń tì síwájú. Bó bá lọ sẹ́yìn, ó fa omi wọlé láti inú táńkì. Bó bá bọ̀ síwájú, ó ti omi sínú páìpù, àwọn ìlẹ̀kùn rọ́bà kéékèèké kò sì jẹ́ kí omi náà ṣẹ́rí padà. Súwíìṣì kan tún wà lórí rẹ̀ tó jẹ́ pé ipá omi inú páìpù ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí tápù, ipá inú páìpù já wálẹ̀, súwíìṣì so iná pọ̀, pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í dún kù-kù-kù-kù. Ẹ tì í, ipá gòkè, ó dé nǹkan bíi bar 2.8, súwíìṣì já iná, ariwo dá. Ẹni tó bá sùn nínú ọkọ̀, tí kò sẹ́ni tó ṣí tápù, tó gbọ́ kù-kù-kù lẹ́ẹ̀kan, tó tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kó yáa dìde. Omi ń jò níbì kan.

Àwọn tó mọṣẹ́ tún ń fi kòkò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńpù, tí afẹ́fẹ́ wà ní apá kan inú rẹ̀ tí omi sì wà ní apá kejì, kí omi lè máa jáde gẹ́rẹ́. Àwọn kan ní ìnáwó òfo ni. Èmi ò gbà, nítorí omi tó ń gbá ni nídìí ní ìdá-ìdá kò tu ara.

Ní ti iná, pọ́ńpù náà kì í ni bátìrì lára: bíi amp 5, fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ìjókòó oníná ti Japan lẹ ó fi sílẹ̀ nílé. Àwọn mìíràn nínú wọn ń fa ju watt 1,000 lọ nígbà tí wọ́n bá ń mú omi gbóná, ta ló sì ń wá omi gbígbóná ní Àbújá nínú oṣù Kẹta?

Hóòsì gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Hóòsì olówó pọ́ọ́kú tó ti lo ọdún púpọ̀ nílé láìṣe nǹkan kan, ìdajì bar péré ló ń gbé níbẹ̀. Nínú ọkọ̀, yóò gbé ju ìlọ́po márùn-ún ìyẹn lọ. Àṣà wa ni pé bí a bá ti yọ ìka kúrò lára ọwọ́ bidet, tí omi sì dá, a gbà pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n omi tó ní ipá ṣì wà nínú hóòsì tọ̀sán-tòru, rọ́bà róbótó kan tí kò tó kọ́bọ̀ nínú ọwọ́ yẹn ló sì dá a dúró. Bí hóòsì bá bẹ́ nígbà tí kò sẹ́nikẹ́ni nínú ọkọ̀, pọ́ńpù kò mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn ló ń lo omi. Yóò tú gbogbo táńkì dà sínú ikùn ọkọ̀. Omi tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé wọlé ni, kò ní fi kílò kan kún ẹrù ọkọ̀, ṣùgbọ́n pọ́ńpù yóò máa yí lásán títí bátìrì yóò fi kú. Hóòsì tí wọ́n fi wáyà hun ni kí ẹ rà. Ẹ máa pa fáàfù ìdí rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo lílò, kí ẹ sì pa iná pọ́ńpù kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti ya omi náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Nílé, ara páìpù tó ń wọ táńkì àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni púlọ́ńbà ti ń fi tíì, ìyẹn páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta, ya omi bidet. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lè jẹ́ omi adágún ni yóò máa fọ̀ yín nídìí, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, omi òde ni wọ́n ń fà wọlé láti fi ṣan àwo. Adágún Jabi kì í ṣe odò tó ń ṣàn kọjá lọ. Dámù ló dá a dúró, òjò sì ń gbá ẹ̀gbin ojú títì wọ inú rẹ̀. Kí àwo máa lo omi yẹn, ṣùgbọ́n kí bidet gba tirẹ̀ lára páìpù omi mímọ́ tó ń lọ síbi básíà ìfọwọ́.

Omi mímọ́ tí ẹ yà yìí náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ ti rí àwọn tó ń fi hóòsì fa bẹntiróòlù láti inú táńkì mọ́tò sínú kẹ́ẹ̀gì: wọ́n á fẹnu fà á díẹ̀, lẹ́yìn náà á máa ṣàn fúnra rẹ̀. Bí ọwọ́ bidet bá já bọ́ sínú àwo, tí omi ìdọ̀tí bò ó, tí ipá inú páìpù sì lọ sílẹ̀ nítorí pé táńkì gbẹ, omi àwo lè bá ọ̀nà kan náà padà sínú páìpù omi tí ẹ fi ń fọ eyín. Ẹ kan ìkọ́ rẹ̀ sókè ju etí àwo lọ, ẹ gé hóòsì kúrú kó má lè dé inú àwo, kí ẹ sì fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí i. Irú ìfà yìí kan náà ti ri ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láyé, láti inú páìpù omi òde tó wọ àwo tó rẹlẹ̀ ju ojú omi lọ. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń tẹ páìpù yẹn gòkè kọjá ojú omi kó tó wálẹ̀, wọ́n á sì fi ihò afẹ́fẹ́ sí góńgó rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí omi ń lọ. Òfin àgbáyé MARPOL, nínú Àfikún kẹrin rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, gba ọkọ̀ òkun láàyè láti da ìgbẹ́ tútù sómi bó bá ti fi ju máìlì òkun 12 lọ jìnnà sí ilẹ̀. Adágún Jabi kò ní máìlì 12 níbì kankan, àwọn apẹja sì ń ju àwọ̀n síbẹ̀. Nítorí náà, inú táńkì ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀, títí ọkọ̀ akó-ìgbẹ́ yóò fi wá fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ṣe, bíi èyí tó wà ní Wupa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi lítà 1 ṣan ìdí, tó fi lítà 2 ṣan àwo, èèyàn 10 ti lo lítà 30, ìdajì táńkì lítà 60. Bidet ń mú kí táńkì tètè kún, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, nítorí bébà ló máa ń há sí ẹnu rọ́bà tí ìdọ̀tí ń gbà kọjá nínú pọ́ńpù àwo. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ rí nínú yàrá tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, tó ń tú irú pọ́ńpù bẹ́ẹ̀ nínú ooru, kò ní bá mi jiyàn.

Gbogbo èyí, ti ọkọ̀ ńlá ni. Ọkọ̀ kéékèèké tó ń gbé èèyàn yí adágún po kí wọ́n tó padà sí èbúté kò nílò pọ́ńpù. Bí yóò bá pẹ́ lórí omi, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àgbékiri tó ṣe é pín sí méjì ti tó, táńkì omi mímọ́ lókè, ti ìdọ̀tí nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìgò oníke onímú gígùn téèyàn ń fọwọ́ fún kí omi fi tú jáde, tàbí búta gan-an. Ẹ má bu omi kún búta dé ẹnu, nítorí ọkọ̀ ń mì. Bí táńkì ìsàlẹ̀ tó jẹ́ lítà 20 bá sì kún, ó ti tó kílò 20, kí ẹ ti wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò gbé e gba orí pákó èbúté sọ̀ kalẹ̀.