Cockfield: Kọmíṣánnà Tó Dúró Ti Ìbúra Rẹ̀

Ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ń yan kọmíṣánnà lọ sí Àjọ Yúróòpù ní Brussels, ṣùgbọ́n kọmíṣánnà kì í ṣe ìránṣẹ́ ìjọba tó yàn án. Nígbà tó bá ń gba ipò, yóò búra pé òun kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan, títí kan ti ìlú òun. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ jẹ́ kí ìbúra yìí yéni jù lọ ni Arthur Cockfield, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Margaret Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rán lọ síbẹ̀ ní 1985.

Iṣẹ́ owó-orí ni Cockfield fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe ọ̀gá ní Boots, ilé-iṣẹ́ olóògùn, lẹ́yìn náà ló di mínísítà. Thatcher fẹ́ kí ọjà máa lọ káàkiri Yúróòpù láìsí ìdíwọ́, ó sì mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í fi iṣẹ́ ṣeré.

Ìdíwọ́ ọ̀hún pọ̀. Lóòótọ́, nígbà náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù náà kì í gba owó bodè láàárín ara wọn mọ́, síbẹ̀ awakọ̀ tírélà tó ń kẹ́rù láti Faransé lọ sí Jámánì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu bodè, kó kó ìdì ìwé jáde, kí aṣọ́bodè máa lu òǹtẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ mìíràn sì tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Òfin ọjà náà kò bára mu. Jámánì ti kọ ọtí Faransé kan rí, nítorí pé kò le tó bí òfin wọn ṣe fẹ́. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù ló dá a ní 1979 pé ọjà tó bófin mu ní orílẹ̀-èdè kan, wọ́n lè tà á ní ìyókù.

Orí ìdájọ́ yìí ni Cockfield kọ́lé lé. Ní oṣù kẹfà 1985, ó gbé àbá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kalẹ̀, ó sì fi ọjọ́ sí ìkọ̀ọ̀kan wọn; ìparí 1992 ni gbèdéke. Ọjọ́ tó fi sí i yìí ni mo kan sáárá sí jù, torí ìlérí tí kò lọ́jọ́ kì í lé ẹnikẹ́ni. Àdéhùn tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987 tún ràn án lọ́wọ́: orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kò lè fi “rárá” da ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àbá náà nù mọ́. Ọ̀rọ̀ owó-orí wà lára ohun tó ṣì kù tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fohùn sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti dé. Cockfield ní bí owó-orí ọjà bá jìnnà síra jù láti ìlú dé ìlú, aṣọ́bodè kò ní kúrò lójú ọ̀nà láé. Thatcher kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Lójú tirẹ̀, London ló ni owó-orí ará London. Nígbà tí sáà Cockfield fẹ́ pé, Thatcher kọ̀ láti dá a padà, ó fi Leon Brittan rọ́pò rẹ̀. Mo gbà pé Cockfield ló jàre: ìbúra tó ṣe ló tẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1993, ìwé aṣọ́bodè di ohun ìgbàgbé láàárín àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú ọjà àpapọ̀ yìí ní ìparí 2020, àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kẹ́rù láti Dover lọ sí Calais sì tún ń gbé ìwé aṣọ́bodè dání.