Ṣé o mọ̀? Ọba tó fo ògiri ààfin sá lọ

Ṣé o mọ̀ pé Kabaka Mutesa Kejì, ọba Buganda ní Uganda, gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe lé e kúrò lórí ìtẹ́? Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, 1966, àwọn ọmọ ogun Obote, olórí ìjọba Uganda, tí Idi Amin léwájú wọn, ya bo ààfin rẹ̀ ní Mengo. Kabaka fo ògiri, ó sì sá dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé náà jáde ní 1967.

Ìwúlò rẹ̀ fún òpìtàn ni pé ojú Kabaka fúnra rẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: Obote ní wọ́n ń kó ohun ìjà jọ sáàfin. Ó yẹ ká gbọ́ tẹnu méjèèjì.