TA LÓ KÀN? ÌLÀ ABỌ́ NÍLÉ Ẹ̀RỌ ÌGBẸ́TÌ ÀTI ÌLÀ IṢẸ́ NÍDÌÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ŃLÁ

Ẹni tó bá yà sílé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ ní Ìgbẹ́tì nígbà tí ọjà bá ku ọ̀la, yóò bá abọ́ tó tò gbọọrọ sílẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Abọ́ onírin ńbẹ, ike ọ̀dà ńbẹ, àpò náà kò gbẹ́yìn. Olóhun kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ pọnmi, ó ti lọ fọ́mọ lọ́mú, abọ́ rẹ̀ ló ń bá a dúró lórí ìlà. Kó tó padà dé, ọ̀rọ̀ ti di ariwo.

"Bàbá ẹlẹ́rọ, ẹ ò ṣe é dáadáa o! Èmi ló kàn. Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ tọmọ yìí ṣáájú tèmi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àpò méjì ni tiyín, ẹ ò sì tíì dé. Kóńgò kan péré ni tiẹ̀, ni mo ṣe ní kó tètè máa lọ."

Ṣé Màmá gbà? Rárá o. Kò sóhun tó ń bí èèyàn nínú tó kó máa retí, kó má mọ ẹni tó kàn, kó má sì mọ ìdí tí kò fi tíì kan òun.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ìjà yìí gan-an ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jà nídìí kọ̀ǹpútà ńlá.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ẹyọ kan tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n so pọ̀ láti jùmọ̀ ṣiṣẹ́, bí ìgbà tí ogún ẹ̀rọ èlùbọ́ bá wà nínú ọgbà kan. Ní 1994, Thomas Sterling àti Donald Becker, tí wọ́n ń bá NASA ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, so 16 pọ̀ lára irú èyí tí wọ́n ń tà nígboro, wọ́n sọ ọ́ ní Beowulf. Ọ̀kan ńlá tó dá lágbára lóun nìkan ti wọ́n jù, ni wọ́n ṣe kó àwọn wẹ́wẹ́ jọ. Ọwọ́ kan kì í sáà gbẹ́rù dórí. Kódà ṣáájú ìgbà náà, ní 1989, ọmọ Ìgbò kan tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, Philip Emeagwali, gba ẹ̀bùn Gordon Bell nítorí ìṣirò epo rọ̀bì tó fi ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ 65,536 ṣe.

Èyí tí yóò dùn mọ́ àwọn oníṣòwò tòkunbọ̀ jù ni ti Ranger. Ní 2008 ni Yunifásítì Texas, nílùú Austin, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kọ̀ǹpútà 3,936 ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tó di 2013, wọ́n ní ó ti darúgbó. Wọn ò dà á sórí àkìtàn. Wọ́n kó apá kan rẹ̀ ránṣẹ́ sí South Africa, kí wọ́n lè pín in fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Tòkunbọ̀ gidi, bíi mọ́tò tó gba Kútọnu wọlé! Nítòsí níbí, ní Covenant University l'Ọ́tà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ezekiel Adébíyì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lo kọ̀ǹpútà láti wádìí kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè gba ọjọ́ méjì, mẹ́ta gbáko.

Wàyí o, bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá kó iṣẹ́ wá lójọ́ kan náà, ti ta ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n fi olùdarí kan sí i, bíi bàbá ẹlẹ́rọ. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ń jẹ́ Slurm. Ilé ìwádìí Lawrence Livermore l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó mú iṣẹ́ wá á sọ fún un pé kọ̀ǹpútà mẹ́rin lòun ń fẹ́, fún wákàtí mẹ́wàá. Slurm á fi í sórí ìlà. Bí àyè kékeré bá ṣí sílẹ̀ tí iṣẹ́ ńlá tó kàn ò lè wọ̀ ọ́, Slurm lè mú iṣẹ́ kékeré láti ẹ̀yìn wọlé, níwọ̀n bí kò bá ti ní dá ti ńlá náà dúró. Ẹ ò rí i pé bàbá ẹlẹ́rọ kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀!

Tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dòní, ojú dúdú ni kọ̀ǹpútà náà fi ń wo èèyàn. Èèyàn á máa tẹ ọ̀rọ̀ àṣẹ sí i, squeue, scancel, bí ẹni ń pọfọ̀. Bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, kò jẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà á máa bẹ̀bẹ̀ kiri: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé tèmi ti kàn?"

Ohun tó yí i padà ni pátákó tí ojú ń rí. Open OnDemand, tí Ohio Supercomputer Center l'Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣí, bí èèyàn ṣe ń ṣí Facebook. Iṣẹ́ gbogbo á tò sílẹ̀: nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó ni í, àkókò tó ti lò, bóyá ó ń dúró, bóyá ó ń lọ lọ́wọ́, bóyá ó ti parí. Èèyàn tẹ ibì kan, ó rí tara rẹ̀ nìkan. Ó tẹ ibòmíràn, ó rí ti gbogbo èrò. Bó bá rí i pé òun ti ṣìṣe, á tẹ ibi ìparẹ́, abọ́ rẹ̀ á kúrò lórí ìlà, ẹlòmíràn á wọlé. Slurm tún ń sọ ìdí tí iṣẹ́ kan fi ń dúró: àwọn kan ló ṣáájú rẹ̀ ni, tàbí kọ̀ǹpútà tó béèrè ló pọ̀ ju èyí tó ṣófo lọ. Ìyẹn nìkan ti pa ìdajì ìjà. Àwọn irinṣẹ́ bíi Ganglia sì ń ya àwòrán bí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ẹni tó gba ogún tó ń lo méjì péré, àṣírí tú.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má tan ara rẹ̀ o. Pátákó á sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Kò ní sọ pé iṣẹ́ dáa. Ẹ̀rọ èlùbọ́ a máa hó gbùù nígbà tí kò sí nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó kó ìṣirò tó wọ́ síbẹ̀, "ó ti parí" ni pátákó á kọ fún òun náà. Ẹni tó béèrè wákàtí mẹ́wàá tí iṣẹ́ rẹ̀ ò sì tán, Slurm á gé e dànù bí wákàtí bá ti pé. Bí kò bá ti ń tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Èrè ibẹ̀ fún ìlú bí Ìgbẹ́tì, tí wọ́n mọ̀ mọ́ òkúta mábù, ni pé kò pọn dandan kí kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀. Ọmọ yunifásítì tó wá sílé lọ́lidé lè jókòó sẹ́bàá òkè Ìyámọ̀pó, kó ṣí fóònù, kó wo iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí iná Ìgbẹ́tì lọ, iṣẹ́ náà ò dúró. Àfi tí dátà bá tán, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń sá lọ sá bọ̀, ni ọmọ ò ní rí i wò. Ìyá rẹ̀ á sì bi í pé:

"Kí lo tẹjú mọ́ láti àárọ̀?"

"Ìyá mi, mò ń wò ó bóyá iṣẹ́ mi ti kàn ni."

"Ó ku mélòó níwájú ẹ?"

"Mẹ́fà, mà."

"Ìwọ tiẹ̀ rí i kà. Dìde, lọ bá mi wo abọ́ mi nílé ẹ̀rọ."